Ọmọ Tí Kò Ṣípá: Èdè Àwọn Ọmọ Tí Ìpayà Kọ Lù àti Bí Ìtọ́jú Ṣe Ń Yé Wọn

1.0 Ìfáárà

Àwọn Yorùbá a máa pa á lówe pé ọmọ tí ó bá ṣípá ni à ń gbé. Ohun tí òwe yìí gùn lé ni pé àdéhùn kan wà láàárín ọmọ àti àgbà: ọmọ yóò fi ara sọ ohun tí ó ń fẹ́, àgbà yóò sì dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí wọn kì í ṣípá mọ́. Ogun, ìjínigbé, ikú òbí, tàbí ìyà tí àgbà fi jẹ wọ́n ti kọ́ wọn pé bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣípá, kò sí ẹni tí yóò gbé wọn, tàbí pé ẹni tí ó yẹ kí ó gbé wọn gan-an ni yóò ṣe wọ́n léṣe. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò yadi. Ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń gbà sọ ọ́ kò bá èyí tí àwọn àgbà ń retí mu.

Bébà yìí yóò ṣe àlàyé ọ̀nà tí àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gbà sọ ohun tí ó ṣe wọ́n, àti ohun tí ó ń mú kí wọ́n mọ̀ pé a ń tọ́jú wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì àti lẹ́yìn rẹ̀, àti Amẹ́ríkà lẹ́yìn 1976, ni ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ rẹ̀ ti wá, nítorí pé níbẹ̀ ni àwọn olùtọ́jú ti fara balẹ̀ kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, bébà náà yóò yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tí a gbé fún alágbàtọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò, kí ó tó wá sórí ohun tí ó kan ilé àti ilé-ìwé ní ilẹ̀ Yorùbá. Kókó ibẹ̀ ni pé èdè tí ọmọ fi sọ ìpayà rẹ̀ ni ó yẹ kí a fi dá a lóhùn. Ìṣe ni ọmọ náà fi ń sọ̀rọ̀. Ìṣe tí kò yẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ yé e.

1.1 Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ kan

Ẹ̀rù yàtọ̀ sí ìpayà tí bébà yìí ń sọ. Ẹ̀rù a máa ba gbogbo ọmọ, a sì máa lọ bí ohun tí ó fà á bá ti lọ. Ìpayà tí a ń sọ níhìn-ín ni èyí tí ó ju agbára ọmọ lọ, tí ó sì kù sára rẹ̀ lẹ́yìn tí ewu ti kọjá. Ohun tí ó kù yìí ni a ó máa pè ní ọgbẹ́ ọkàn. Ní 1980 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fún irú ipò yìí ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ń tọ́jú ọmọ ti ń ṣàkíyèsí rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà.

Ó yẹ kí a kíyèsí i pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kò ya ọkàn àti ara nípa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ‘páyà’ àti ‘jáyà’, àyà, tí í ṣe ẹ̀yà ara, ni ọ̀rọ̀ náà wà. Bí a bá sọ pé àyà ọmọ já, ohun tí a ń sọ ni pé ara rẹ̀ ti gbọ́ ìròyìn náà kí ẹnu rẹ̀ tó rí ọ̀rọ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn àpẹẹrẹ tí ó wà nísàlẹ̀ yóò fi hàn.

1.2 Àrokò tí kò ní àdéhùn

Kò ṣàjèjì sí Yorùbá pé ènìyàn lè fi ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ránṣẹ́. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń wí. Nínú àrokò, owó ẹyọ mẹ́fà lè túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ fà mọ́ ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí, nítorí pé ‘ẹfà’ àti ‘fà’ bá ara wọn mu ní ìró. Ṣùgbọ́n kí àrokò tó lè yé ènìyàn, ẹni tí ó pa á àti ẹni tí ó gbà á gbọ́dọ̀ ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ṣáájú.

Ibi tí ìṣòro ọmọ tí ìpayà kọ lù wà nìyí. Ó ń pa àrokò, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn, òun gan-an kò mọ̀ pé òun ń pa á. Ẹni tí yóò tú u gbọ́dọ̀ gbé tì í títí yóò fi mọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí i, ohun tí ó ń ṣe lójoojúmọ́, àti ìgbà tí ó ń ṣe é. Ẹni tí ó kàn ń kọjá lọ yóò rí ìwà náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kò ní yé e.

2.0 Ọ̀nà tí ọmọ ń gbà sọ̀rọ̀

2.1 Ìṣesí ara

Láàárín 1940 sí 1945, Anna Freud àti Dorothy Burlingham ṣe àbójútó ilé ìtọ́jú ọmọ ní Hampstead, ní London, fún àwọn ọmọ tí ogun ti tú ilé wọn ká. Owó tí wọ́n fi ń ṣe é wá láti ọ̀dọ̀ àwọn aláàánú ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù. Nínú àwọn àkọsílẹ̀ wọn ni ìtàn ọmọkùnrin kan wà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má sunkún, àti pé bí ó bá sunkún, ìyá rẹ̀ kò ní wá wò ó. Ọmọ náà gbìyànjú, kò sunkún. Dípò ẹkún, ó ń sọ fún ara rẹ̀ àti fún ẹnikẹ́ni tí ó bá wò ó pé ìyá òun ń bọ̀, yóò wọ kóòtù fún òun, yóò sì mú òun lọ sílé. Bí ọjọ́ ti ń lọ, gbólóhùn náà ń gùn sí i: ó ka kóòtù, ó ka fìlà, ó ka gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ yóò wọ̀ fún un.

Nígbà tí ẹnìkan wá sọ fún un pé kí ó yé tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, ó tún gbọ́ràn. Kò sọ ọ́ síta mọ́, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ gba iṣẹ́ lẹ́nu: ó ń ṣe bí ẹni tí ń dé fìlà, ó ń ṣe bí ẹni tí ń wọ kóòtù. Nígbẹ̀yìn, ohun tí ó kù kò ju pé ìka rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ yòókù ń ṣeré, òun a dúró sí kọ̀rọ̀ kan, ọwọ́ àti ètè rẹ̀ a sì máa mì.

Ó yẹ kí àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ èdè ronú lórí àpẹẹrẹ yìí. Odindi gbólóhùn ni ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a fòfin de ìró rẹ̀, gbólóhùn náà di ìṣesí. Nígbà tí ìṣesí náà kò rí ẹni dá a lóhùn, ó súnkì títí ó fi ku ìka ọwọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò yí padà rárá. Bí àlejò bá wọlé ní ọjọ́ tí ó ku ìka nìkan, yóò sọ pé nǹkan ń ṣe ọmọ náà lórí. Ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní nìkan ni ó lè mọ̀ pé ọmọ tí ń pe ìyá rẹ̀ ni. Ohun mìíràn tí ó hàn níbẹ̀ ni pé ìgbọràn ọmọ lè jẹ́ àmì ìrora. Ìtọ́jú tí ó ń yin ọmọ nítorí pé kò sunkún lè máa gba ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó ní lẹ́nu rẹ̀.

2.2 Eré

Ní ilé kan náà, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rin kan wà tí bọ́ǹbù ti pa bàbá rẹ̀. Kò gbà pé bàbá náà ti kú. Ó ń fi bébà kọ́ ilé, ó ń ju nǹkan lù ú láti òkè bí ẹni ń ju bọ́ǹbù, ó sì ń tún un ṣe ní àìmọye ìgbà. Nínú eré rẹ̀, ènìyàn kan kì í kú. Gbogbo wọn ń bọ́ nínú ewu kí ilé tó wó. Ó tó oṣù mélòó kan kí ó tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé a ti pa bàbá òun. Lẹ́yìn ìgbà náà ni eré náà dáwọ́ dúró. Eré ni ó bá a gbé ọ̀rọ̀ náà títí tí ó fi lè sọ ọ́.

Kì í ṣe gbogbo eré ni ó ń parí báyìí. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje 1976, ní Chowchilla, California, àwọn ọkùnrin mẹ́ta dá bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kan dúró. Ọmọ 26 àti awakọ̀ wọn ni wọ́n jí gbé. Wọ́n fi ọkọ̀ tí kò ní ojúran gbé wọn fún nǹkan bí wákàtí 11, wọ́n sì fi wọ́n sínú ọkọ̀ akẹ́rù tí a rì mọ́lẹ̀ níbi tí a ti ń wa òkúta. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 16, awakọ̀ àti àwọn ọmọ náà rí ọ̀nà jáde fúnra wọn. Kò sí ẹni tí ó kú. Ó rọrùn láti gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Dókítà Lenore Terr, oníṣègùn ọpọlọ àwọn ọmọdé, bá àwọn ọmọ náà àti àwọn òbí wọn sọ̀rọ̀ láàárín ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó sì tún padà lọ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1979 àti 1983. Ó rí i pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ọgbẹ́ náà kò kù lára rẹ̀. Àwọn kan ń ṣe eré bọ́ọ̀sì àti ìjínigbé láìsimi. Ohun tí ó ya eré yìí sọ́tọ̀ ni pé kì í dùn, kì í yí padà, kì í sì í mú ara tu ọmọ. Àwọn kan ń bẹ̀rù òkùnkùn, ọkọ̀ tàbí àlejò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lérò pé ẹ̀mí àwọn yóò gùn. Òwe tí ó ní ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá, bá ẹ̀rù yìí mu, ṣùgbọ́n ó ku ibì kan. Ọmọ Chowchilla sá fún ekòló, ó sì tún ń padà lọ bá ejò náà nínú eré, bí ẹni pé ó ń wá ibi tí òun ì bá ti yà kúrò lọ́nà.

Iṣẹ́ àgbà níbi irú eré yìí kò sí nínú kí ó fòfin dè é tàbí kí ó fi ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí àgbà bá jókòó tì í, tí ó rọra bi í pé ta ni ó ń bọ̀ wá ran àwọn tí ó wà nínú bọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ọ̀nà àbájáde lè wọ inú eré tí ó ti dì.

2.3 Ìdákẹ́

James Robertson, tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé Hampstead, ya fíìmù kan ní 1952 nípa ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjì kan tí ó lo ọjọ́ mẹ́jọ ní ilé ìwòsàn ní London. Nígbà náà, àwọn ilé ìwòsàn kì í sábà gba òbí láyè láti dúró ti ọmọ. Ọmọ inú fíìmù náà kò pariwo púpọ̀. Ojú rẹ̀ a rọ̀, a sì di ohun ìṣeré rẹ̀ mú. Bí ọjọ́ ti ń lọ, ó ń fà sẹ́yìn sí i.

Robertson ṣe àlàyé ìpele mẹ́ta tí ọmọ kékeré ń là kọjá bí a bá yà á kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀. Ó kọ́kọ́ ń sunkún, ó ń wá ẹni rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìrètí rẹ̀ pin, ó dákẹ́. Nígbẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá gbogbo ènìyàn ṣeré bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ bá dé, ó ń wò ó bí àlejò. Ìpele kejì àti ìkẹta ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn máa ń pè ní ara mímọlé. Fíìmù yìí wà lára ohun tí ó yí èrò padà, nígbà tí ó sì di 1959, ìròyìn ìgbìmọ̀ Platt dámọ̀ràn fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí a gba òbí láyè láti máa wo ọmọ wọn ní ilé ìwòsàn láìsí ìdíwọ́.

2.4 Ìjà

Àwọn ọmọ mìíràn kì í dákẹ́. Ìjà ni wọ́n ń jà. Ní oṣù kẹwàá 1945, ọmọ Júù mẹ́fà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin dé ilé kan tí a ń pè ní Bulldogs Bank, ní Sussex. Inú àgọ́ Theresienstadt ni wọ́n ti gbé láti ìgbà tí wọ́n wà ní ìkókó. Àwọn ará Jámánì ti pa òbí wọn. Àwọn ọmọ ìyá méjì, Sophie àti Gertrud Dann, ni ó tọ́jú wọn fún ọdún kan. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, àwọn ọmọ náà fọ́ gbogbo ohun ìṣeré tí a fún wọn. Wọ́n ń gbá àwọn àgbà, wọ́n ń bù wọ́n jẹ, wọ́n ń tutọ́ sí wọn lára.

Ṣùgbọ́n láàárín ara wọn, wọn kì í jowú. Ọmọ kan kò ní jẹun láìbéèrè bóyá èkejì ti rí tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá kù sẹ́yìn lójú ọ̀nà, àwọn yòókù a dúró dè é. Èyí ni ó fi hàn pé kì í ṣe pé wọn kò mọ ìfẹ́. Àgbà ni wọn kò rí rí tí ó dúró tì wọ́n. Ìjà wọn ń béèrè ìbéèrè kan: ṣé ìwọ náà yóò lọ? Àwọn olùtọ́jú wọn kò fi ẹnu dáhùn ìbéèrè yìí. Wọn kò lọ, wọn kò sì gbìyànjú láti tú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ náà ká. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìtọ́jú àwọn àgbà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ti ara wọn. Ẹ̀yìn èyí ni àwọn kan nínú wọn tó fà mọ́ olùtọ́jú kan pàtó.

3.0 Nígbà tí èdè ọmọ àti ti olùtọ́jú bá yàtọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá ní ọ̀nà kan tí a kì í sábà sọ. Láti nǹkan bí ọdún 1955 títí di ọdún 1980 ó lé, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń kàwé, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé. Nítorí náà, wọ́n gbé ọmọ wọn fún àwọn aláwọ̀ funfun ní Kent, Essex àti Sussex láti bá wọn tọ́ ọ, wọ́n sì ń sanwó fún wọn. Ìwé ìròyìn tí ń jẹ́ Nursery World ni wọ́n fi ń polówó wá alágbàtọ́. Esther Goody, tí ó ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣe àlàyé pé ojú tí àwọn òbí náà fi ń wo ọ̀rọ̀ àgbàtọ́ nílé ni wọ́n fi wò ó. Ní ilé, fífi ọmọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n kì í ṣe àìfẹ́.

Ohun tí ó yàtọ̀ ni èdè. Ọmọ tí a bá fi sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú tàbí Ọ̀ṣun kò fi orúkọ, oríkì àti èdè rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń bá a lọ. Èyí tí a gbé lọ sí Essex ní ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò mú ohunkóhun lọ. Bí òbí rẹ̀ bá padà wá mú un lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, àwọn tí ó wá mú un jẹ́ àlejò sí i, kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n fi ń pè é. Ìtàn Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí a bí ní London ní 1967, jẹ́ àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. A gbé e fún ìdílé aláwọ̀ funfun kan ní Tilbury nígbà tí ó wà ní ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, àwọn òbí rẹ̀ mú un wá sí Nàìjíríà. Kò gbọ́ Yorùbá, ara rẹ̀ kò sì mọlé, ni wọ́n bá tún dá a padà sí Tilbury. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́, ó darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn afáríkodoro tí wọ́n kórìíra aláwọ̀ dúdú. Ó fi ìtàn náà ṣe fíìmù Farming, tí ó jáde ní 2018. A kò lè sọ pé àwọn òbí bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ọmọ wọn. Owó tí wọ́n ń san àti ìwé tí wọ́n ń kà, ìfẹ́ ni lójú wọn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí a fi èdè tí ọmọ kò gbọ́ sọ, kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí èdè bá ti yàtọ̀, ewu mìíràn tún wà. Ní oṣù kejì 2000, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tí a mú wá láti Ivory Coast kú ní London lẹ́yìn tí àwọn tí ó yẹ kí ó tọ́ ọ ti fi ìyà jẹ ẹ́. Èdè Faransé ni ó ń sọ. Ìròyìn ìwádìí Lord Laming, tí ó jáde ní 2003, fi hàn pé ó tó ìgbà 12, ó kéré tán, tí àwọn òṣìṣẹ́ ì bá ti gbà á là. Àwọn oníṣègùn rí àpá lára rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì rí òun pàápàá, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹnikẹ́ni bá a jókòó sọ nípa bí ó ṣe ń gbé. Ara ọmọ náà ti sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí ó dúró pẹ́ tó láti tú u.

4.0 Bí ìtọ́jú ṣe ń yé ọmọ

4.1 Ẹnìkan pàtó

Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo nọ́ọ̀sì ilé Hampstead ni ó ń tọ́jú gbogbo ọmọ. Nígbà tí ó yá, wọ́n pín àwọn ọmọ sí agbo kéékèèké bí ìdílé, nọ́ọ̀sì kan sí ọmọ bíi mẹ́rin. Ohun tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e ni ẹkún, owú àti ìjà. Lójú ẹni tí kò mọ̀dí, ìpínlẹ̀ náà ti ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara wọn balẹ̀, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu àwọn tí kì í sọ̀rọ̀, ìmọ́tótó wọn sì tún dára sí i. Ọmọ kì í jowú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹkún náà ni àmì pé wọ́n ti ní ẹnìkan tí wọ́n lè pàdánù.

Mary Ainsworth, tí ó ṣe ìwádìí láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ ní Uganda ní 1954 àti 1955, rí ohun tí ó jọ èyí. Kì í ṣe gígùn àkókò tí ìyá ń lò lọ́dọ̀ ọmọ nìkan ni ó ń fi ọkàn ọmọ balẹ̀. Bí ìyá ṣe mọ àmì ọmọ rẹ̀ sí, tí ó sì ń dá a lóhùn, ni ó ṣe pàtàkì.

4.2 Ìgbà tí kò yẹ̀ àti òtítọ́

Ìpayà máa ń dé láìròtẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó ń dé ní àkókò rẹ̀ ni ó ń tako ìpayà: oúnjẹ ní àkókò kan náà, ẹni kan náà ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, ìlérí kékeré tí a mú ṣẹ. Bí olùtọ́jú bá sọ pé òun yóò padà ní aago mẹ́rin, tí ó sì padà ní aago mẹ́rin, ó ti sọ ohun tí ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ìtùnú kò lè sọ. Bí ó bá sì ṣe pé òbí ọmọ ti kú, a kò gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ó rin ìrìn-àjò. Ọmọ tí a sọ bẹ́ẹ̀ fún yóò máa retí, yóò sì máa rò pé nítorí ìwà òun ni ẹni náà kò ṣe padà.

4.3 Orúkọ àti oríkì

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan fún ìtọ́jú tí ó ju oúnjẹ àti aṣọ lọ: ìkẹ́. Ó wà nínú oríkì àbísọ àwọn ọmọbìnrin. Àbẹ̀kẹ́ ni ẹni tí a bẹ̀ láti kẹ́. Àdùkẹ́ ni ẹni tí a ń du láti kẹ́. Àjọkẹ́ ni ẹni tí gbogbo ilé jọ ń kẹ́. Àṣàkẹ́ ni ẹni tí a ṣà láti kẹ́. Ti ọkùnrin sábà máa ń sọ bí a ṣe ní ọmọ náà, bí Àjàní, ẹni tí a jà kí a tó ní. Nígbà tí àgbà bá fi ohùn jẹ́jẹ́ pe ọmọ ní oríkì rẹ̀ lójoojúmọ́, ohun mẹ́ta ni ó ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó dá ọmọ náà mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn, ó so ó mọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì ń tún un ṣe láìyẹ̀. Ohun mẹ́ta yìí kan náà ni a rí ní Hampstead àti Bulldogs Bank.

Ṣùgbọ́n oríkì kì í ṣe oògùn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ń ki ọmọ ni ó pa á lára, ohùn oríkì náà lè mú àyà rẹ̀ já. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú ẹnu tí ọmọ ti gbọ́ ọ rí. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àlọ́ lè rọrùn jù, nítorí pé nínú àlọ́, Ìjàpá tàbí ọmọ òrukàn kan ni ẹ̀rù ń bà. Ọmọ lè béèrè ohun tí ó ń dùn ún láìdárúkọ ara rẹ̀.

5.0 Ohun tí ó kan ilẹ̀ Yorùbá

Àwọn ọ̀rọ̀ òkè yìí kì í ṣe ìtàn òkèèrè lásán. Ní oṣù karùn-ún 2017, a jí ọmọkùnrin mẹ́fà gbé ní ilé-ìwé wọn ní Ìgbónlá, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́. Ó lé ní oṣù méjì kí a tó tú wọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, àwọn agbébọn pa àwọn olùjọ́sìn nínú ìjọ Kátólíìkì kan ní Ọ̀wọ̀, ọmọdé sì wà níbẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 2024, a jí àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn gbé nínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ní Emùré-Èkìtì. Nígbà tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ bá padà délé, ayọ̀ àti ọpẹ́ ni ó máa ń gba gbogbo àyè. Ohun tí Chowchilla kọ́ni ni pé ọjọ́ ìdáǹdè ni iṣẹ́ olùtọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí ilé àti ilé-ìwé kíyèsí. Èkíní, kò yẹ kí a kó àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ síwájú oníròyìn tàbí kí a fipá mú wọn ròyìn ohun tí ojú wọn rí. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn alájọṣe rẹ̀ gbé jáde ní 2011 kìlọ̀ pé kí a má fipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí àjálù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá. Kí a wà nítòsí, kí a sì tẹ́tí bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀.

Èkejì, àwọn ìwà kan wà tí a máa ń fi pàṣán dá lóhùn. Ọmọ tí kì í tọ̀ sórí ẹní tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sí i. Àṣà fífi orin bú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbi púpọ̀. Ọmọ tí ó ti ń ṣe dáadáa ní kíláàsì lè máa wo òfuurufú. Olùkọ́ yóò pè é ní ọ̀lẹ. Ọmọ tí ẹnìkan fọwọ́ kàn láti ẹ̀yìn lè yíjú kí ó gbá a. A ó pè é ní abìjà. Kí a tó sọ ọmọ lórúkọ báyìí, ó yẹ kí a béèrè ìgbà tí ìwà náà bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìbéèrè yìí kò ní kí a má kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́. Ó kàn ń rí i dájú pé kì í ṣe ọgbẹ́ ni a ń nà.

Ẹ̀kẹta, kí a má yà wọ́n nípa. Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ rí ewu kan náà lè jẹ́ ìtọ́jú fún ara wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn mẹ́fà ti Bulldogs Bank.

Ẹ̀kẹrin, bí ìwà náà kò bá dínkù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Èyí kò lòdì sí àṣà. Láti 1954 ni Adéoyè Lámbò ti fi hàn ní Arò, ní Abẹ́òkúta, nígbà tí ó ń mú kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, pé ìṣègùn ìgbàlódé àti agbo ilé lè jọ ṣiṣẹ́.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Bébà yìí ti fi hàn pé ọmọ tí ìpayà kọ lù ń sọ̀rọ̀ nípa ìṣesí ara, eré, ìdákẹ́ àti ìjà, àti pé àrokò ni gbogbo rẹ̀ jẹ́, àyàfi pé kò sí àdéhùn lórí ìtumọ̀ wọn. Ó tún ti fi hàn pé ìtọ́jú ń yé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹnìkan pàtó tí kò lọ, ìgbà tí kò yẹ̀, òtítọ́ tí a fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ, àti ìpè tí ó dá a mọ̀. Àwọn tí ń kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá ní ipa tí wọ́n lè kó nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ìmọ̀ oríkì, àlọ́ àti àrokò wà lọ́wọ́ wọn, àwọn oníṣègùn sì nílò rẹ̀. Òwe tí ó ní ọmọ tí ó bá ṣípá ni à ń gbé kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n àgbà ni ó kọ́kọ́ ń na ọwọ́ sí ìkókó kí ìkókó tó mọ bí a ti ń ṣípá. Ọmọ tí ìpayà ti gba ẹ̀kọ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀ nílò kí àgbà tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.